Kíkọ́ nano Láti Inú Source Code Lórí Ubuntu

Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ lórí terminal Linux rí ti mọ nano. Òun la fi ń ṣí fáìlì kékeré, òun la fi ń tún un kọ, òun náà la fi ń tọ́jú rẹ̀. Chris Allegretta ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1999. Ní 2001 ó di ọ̀kan lára àwọn iṣẹ́ GNU. Tí ẹ bá ń lo Ubuntu 22.04, nano 6.2 ni apt yóò fún yín. Nano 8.0 wá jáde ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, òun ló sì sọ Ctrl+F di bọ́tìnnì tí a fi ń wá ọ̀rọ̀ nínú fáìlì, bí a ṣe ń ṣe é nínú bíráwúsà. Kò sí lórí àtẹ Ubuntu 22.04. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ níbẹ̀ á lọ mú source code rẹ̀, á sì fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ọ.

Iṣẹ́ orí yìí nìyẹn. Mo mú nano nítorí pé ó kéré, kì í béèrè ohun púpọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀rọ, ìgbésẹ̀ rẹ̀ sì ni ìgbésẹ̀ ọ̀pọ̀lọpọ̀ sọ́fítíwíà mìíràn tó ń lo configure àti make. Ìdí kejì kan àwa tí à ń kọ Yorùbá: nano tí wọn kò bá kọ́ dáadáa máa ń sọ àmì orí àti àmì abẹ́ lẹ́tà wa di wúruwùru. Ó yẹ ká mọ ibi tí nǹkan ti ń bàjẹ́, ká sì lè tún un ṣe.

Ohun kan ni kí ẹ mú dání láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ẹ ka ohun tí ẹ̀rọ bá kọ síta. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti pa iṣẹ́ yìí tì nítorí pé ọ̀rọ̀ ya bo ojú kọ̀ǹpútà, wọ́n wo ìlà tó gbẹ̀yìn nìkan, wọ́n ní kò ṣeé ṣe. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé nígbà gbogbo ni ẹ̀rọ ti sọ ohun tó ń dùn ún, ní nǹkan bí ogún ìlà sókè.

Aago àti irinṣẹ́

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ tẹ date sórí terminal, kí ẹ wo ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà yín rò pé òní jẹ́. Èyí ṣe pàtàkì gan-an fún ẹni tó ń lo láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀. Bátìrì kékeré tó ń bá wọn tọ́jú aago nínú sábà máa ń ti kú. Bí iná bá lọ, tí bátìrì ńlá náà sì gbẹ, aago á sá padà sí ọdún kan tó ti kọjá. Bí ọjọ́ bá ti yẹ̀ báyìí, apt á bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn, wget á ní ìwé-ẹ̀rí sáìtì kò tọ́, configure tí a máa dé láìpẹ́ á sì dúró gbọin pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yìí:

configure: error: newly created file is older than distributed files!
Check your system clock

Ohun tó ń sọ ni pé fáìlì tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ dá nísinsìnyí ti pẹ́ láyé ju àwọn tó wá nínú ẹrù lọ, bẹ́ẹ̀ ìyẹn kò lè rí bẹ́ẹ̀. Kò sí ohun tó ṣe nano, kò sí ohun tó ṣe yín. Aago ni kí ẹ tún ṣe. Bí íńtánẹ́ẹ̀tì bá wà:

sudo timedatectl set-ntp true

Bí kò bá sí, ẹ fi sudo date -s tẹ̀ lé ọjọ́ àti àkókò tòótọ́ nínú àmì ìfàyọ, bí àpẹẹrẹ "2025-06-14 10:30".

Lẹ́yìn èyí ni irinṣẹ́:

sudo apt update
sudo apt install build-essential pkg-config libncurses-dev

Nínú build-essential ni gcc àti make wà. Gcc ló ń sọ ohun tí èèyàn fi èdè C kọ di ohun tí ẹ̀rọ lè ṣe. Richard Stallman gbé èyí àkọ́kọ́ jáde ní 1987. Make dàgbà jù ú lọ: Stuart Feldman ló ṣe é ní Bell Labs ní 1976, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti mọ fáìlì tó yẹ ká tún kọ́ àti èyí tó yẹ ká fi sílẹ̀. Ncurses ni nano fi ń ya ojú ìwé sórí terminal. Àwọn irinṣẹ́ yìí ló máa jẹ dátà yín jù. Source code nano fúnra rẹ̀ kò tó mẹ́gábáìtì méjì. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ ó gbà wọ́n, ẹ ó sì máa lò wọ́n fún gbogbo sọ́fítíwíà tí ẹ bá fẹ́ kọ́ lẹ́yìn èyí.

Gbígba source code

mkdir -p ~/src
cd ~/src
wget -c https://ftp.gnu.org/gnu/nano/nano-8.0.tar.xz
wget -c https://ftp.gnu.org/gnu/nano/nano-8.0.tar.xz.sig
wget -c https://ftp.gnu.org/gnu/gnu-keyring.gpg

Ẹ má fi -c sílẹ̀. Òun ló ń jẹ́ kí wget máa bá iṣẹ́ lọ láti ibi tó dúró sí bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já lójú ọ̀nà, kí dátà tí ẹ ti ná má bàa ṣòfò. Ẹ má sì kó ẹrù yìí sínú fódà tí àlàfo wà láàárín orúkọ rẹ̀. Configure kì í gba irú orúkọ bẹ́ẹ̀.

Fáìlì tó parí sí .sig ni ìbuwọ́lù ẹni tó gbé nano jáde. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:

gpg --verify --keyring ./gnu-keyring.gpg nano-8.0.tar.xz.sig

Bí ẹ bá rí Good signature, ohun tó wà lọ́wọ́ yín ni ohun tí ẹni náà fọwọ́ sí gan-an. Ìkìlọ̀ kan á tún yọ pé kò sí ẹni tó jẹ́rìí sí kọ́kọ́rọ́ náà fún yín. Ìyẹn kì í ṣe àṣìṣe, ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ kò tíì sọ fún gpg pé ẹ mọ ẹni náà. BAD signature ni kí ẹ kà sí ewu. Ẹ pa fáìlì náà rẹ́, kí ẹ tún un gbà.

Mo fẹ́ sọ òtítọ́ nípa ibi tí agbára ìbuwọ́lù mọ. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, Andres Freund, tó ń ṣiṣẹ́ ní Microsoft, ṣàkíyèsí pé wíwọlé sórí ẹ̀rọ nípasẹ̀ SSH ń falẹ̀ ní nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá. Ẹlòmíràn ì bá gbójú fò ó. Ó tọpa rẹ̀ títí ó fi dé inú xz, irinṣẹ́ kan náà tó fún fáìlì nano wa pọ̀. Ẹnì kan tó ti wà nínú iṣẹ́ xz fún ìgbà pípẹ́, tí wọ́n ti fún láṣẹ àtigbé e jáde, ló ti fi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sínú 5.6.0 àti 5.6.1. Ibi tó wá yẹ kó dun gbogbo ẹni tó ń kọ́ sọ́fítíwíà ni pé apá tó ń ṣí ilẹ̀kùn náà kò sí nínú git tí gbogbo ayé ń wò. Inú fáìlì tar tí wọ́n gbé jáde ló wà, ó sì ń ṣiṣẹ́ nígbà tí èèyàn bá ń kọ́ ọ. Ìbuwọ́lù rẹ̀ tọ́, nítorí ọmọ ilé ló fọwọ́ sí i. Ìbuwọ́lù lè sọ ẹni tó gbé ẹrù wá fún yín, kò lè sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ubuntu 22.04 ń lo xz 5.2.5, ọ̀rọ̀ yìí kò kàn án. Ẹ lè tẹ xz --version láti fi ojú ara yín rí i.

Ẹ tú ẹrù náà, kí ẹ wọ inú rẹ̀:

tar xf nano-8.0.tar.xz
cd nano-8.0

Ẹ ka README kí ẹ tó tẹ àṣẹ mìíràn. Kò gùn.

Configure

./configure --prefix=$HOME/.local --enable-utf8

Configure dà bí télọ̀ tó ń wọn ara kó tó ti síkáàsì bọ aṣọ. Ó ń béèrè lọ́wọ́ ẹ̀rọ yín lọ́kọ̀ọ̀kan: ṣé gcc wà, ṣé ó lè kọ́ fáìlì kékeré kan, ṣé ncurses wà, ṣé irú rẹ̀ tó mọ lẹ́tà gbogbo èdè ni. Ìlà kọ̀ọ̀kan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú checking jẹ́ ìbéèrè kan, ìdáhùn rẹ̀ sì wà lápá ọ̀tún. No kì í sábà jẹ́ wàhálà. Ohun tí ẹ̀rọ kan kò ní, configure á wá ọ̀nà mìíràn gbà. Ìlà tó bá ní error nìkan ló ń dá iṣẹ́ dúró.

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀kan dáadáa. Ká ní ẹ gbàgbé libncurses-dev. Configure á sáré díẹ̀, á sì kígbe pé òun kò rí curses. Ibí yìí ló máa ń rú èèyàn lójú jù lọ, torí nano 6.2 tó ti wà lórí ẹ̀rọ náà ń lo ncurses, ó sì ń ṣiṣẹ́! Ncurses wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà méjì ni láíbìrì fi ń wà lórí Ubuntu. Ti àkọ́kọ́ ni láíbìrì tí sọ́fítíwíà tó ti parí ń lò. Ìyẹn ló wà nílẹ̀. Ti kejì ni àwọn fáìlì tí orúkọ wọn parí sí .h, tó ń sọ fún gcc bí wọ́n ṣe ń pe ohun tó wà nínú láíbìrì náà. Ẹni tó kàn fẹ́ lo nano kò nílò ìyẹn, nítorí náà Ubuntu yà á sọ́tọ̀ sínú èyí tí orúkọ rẹ̀ parí sí -dev. Lórí Fedora, -devel ni wọ́n ń pè é. Bí configure bá ti ní òun kò rí nǹkan kan tó dá yín lójú pé ó wà, -dev rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Ìyẹn nìkan á yanjú èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ìdádúró tí ẹ ó bá pàdé.

Bí kò bá yanjú, ẹ ṣí config.log. Ibẹ̀ ni configure ń kọ gbogbo ohun tó dán wò sí, pẹ̀lú èsì tí gcc fún un. Ìsàlẹ̀ fáìlì náà kò ní ràn yín lọ́wọ́, àkọsílẹ̀ ohun tó mọ̀ nípa ẹ̀rọ ló kún ibẹ̀. Àárín ni àlàyé wà:

grep -n "error" config.log

Nípa àwọn ọ̀rọ̀ méjì tí a fi kún configure: --prefix ń sọ ibi tí nano yóò máa gbé, mo sì yan inú ilé yín fún ìdí tí mo máa sọ. --enable-utf8 ni tiwa. Láìsí i, bí configure kò bá rí ncurses tó mọ UTF-8 (ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà kọ lẹ́tà gbogbo èdè), ó lè máa lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, kó sì kọ́ nano tí kò mọ ẹ̀ àti ọ̀. Pẹ̀lú rẹ̀, á dúró, á sì sọ. Èmi fẹ́ràn ẹ̀rọ tó bá sọ̀rọ̀ ní kíákíá ju èyí tó dákẹ́, tí a wá rí àléébù rẹ̀ nígbà tí a ti kọ ìwé jìnnà.

Make

make 2>&1 | tee kiko.log

Kì í pẹ́. Nano kéré débi pé láptọ́ọ̀pù àtijọ́ pàápàá á parí rẹ̀ ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Apá tee ń jẹ́ kí ohun tí make ń sọ hàn lójú terminal, kó sì wọ inú kiko.log bákan náà.

Warning kì í dá iṣẹ́ dúró, error ló ń dá a dúró. Nígbà tí error kan bá ṣẹlẹ̀, ó máa ń bí mẹ́wàá mìíràn. Èyí àkọ́kọ́ ni kí ẹ wò sàn:

grep -n "error:" kiko.log | head -n 1

Fún sọ́fítíwíà ńlá, àwọn èèyàn máa ń fi -j sí make kí iṣẹ́ púpọ̀ lè máa lọ pọ̀ ní ìgbà kan. Ó yá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ iṣẹ́ gbogbo á dà pọ̀ mọ́ra wọn. Bí ó bá kùnà, ẹ tún un ṣe láìsí -j kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Lórí ẹ̀rọ tí mẹ́mórì rẹ̀ kò pọ̀, -j tún lè jẹ́ kí Linux pa gcc lójijì. Ọ̀rọ̀ Killed ni ẹ ó rí, kò sì sí àṣìṣe kankan nínú kóòdù.

Bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́ ńkọ́? Ẹ tún tẹ make nígbà tó bá dé. Make máa ń fi àkókò fáìlì C wé àkókò fáìlì .o tí a ti kọ́ láti inú rẹ̀; èyí tó bá ti parí, kò ní fọwọ́ kàn án mọ́. Ìdí rẹ̀ rèé tí mo fi kọ́kọ́ ní kí ẹ wo aago. Bí iná ṣe já lójijì lè ba fáìlì .o kan jẹ́ ní ìlàjì, make á sì rò pé ó ti parí. Bí ẹ bá rí àṣìṣe àjèjì lẹ́yìn tí iná padà dé, ẹ tẹ make clean, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ make lákọ̀tun.

Ká tó gbé e sípò

Nano ti wà báyìí nínú fódà src. Ẹ lè lò ó láìtíì gbé e síbì kankan:

./src/nano idanwo.txt

Ẹ kọ Ọjọ́ ọ̀la ń bọ̀ wá dára sínú rẹ̀, kí ẹ fi ọfà rìn lórí lẹ́tà wọn lọ bọ̀. Bí ìlà náà bá dúró dáadáa, tí ọfà sì ń lọ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, UTF-8 ti wọlé. Iṣẹ́ tó wà nínú lẹ́tà kan yìí kò kéré. Lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀ gba báìtì márùn-ún, mẹ́ta fún ọ, méjì fún àmì ohùn ìsàlẹ̀ tó wà lórí rẹ̀. Ẹ tẹ printf 'ọ̀' | wc -c, ẹ ó rí i. Nano tí kò mọ UTF-8 á ka báìtì márààrún sí lẹ́tà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ibẹ̀ ni wúruwùru ti ń wá.

Èyí tó wá kàn ni ohun tí apt kò lè ṣe fún yín láéláé. Nígbà tí a bá ṣí nano láìdárúkọ fáìlì, ó máa ń kí wa ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ìsàlẹ̀. Ẹ wá ibi tí ìkíni náà wà:

grep -n "Welcome to nano" src/nano.c

Nọ́ńbà tó bá ṣíwájú ni nọ́ńbà ìlà rẹ̀. Ẹ fi nano tí ẹ kọ́ ṣí src/nano.c, kí ẹ lọ síbẹ̀, kí ẹ sì yí ohun tó wà láàárín àmì ìfàyọ nìkan padà sí: Ẹ káàbọ̀ sí nano. Ẹ tẹ Ctrl+G fún ìrànwọ́. Ẹ má fọwọ́ kan àmì ìfàyọ, àkámọ́ àti àmì tó parí ìlà. Ẹ tọ́jú rẹ̀, ẹ jáde, ẹ tẹ make.

Ẹ wo ohun tí make ṣe. Kò tún gbogbo rẹ̀ kọ́. Nano.c nìkan ló yí padà, nítorí náà nano.o nìkan ló tún kọ́, ó sì so ó pọ̀ mọ́ àwọn tó ti wà nílẹ̀. Ẹ wá tẹ ./src/nano. Ó kí yín ní Yorùbá.

Ìwé àṣẹ GPL ẹ̀dà kẹta, tó jáde ní 2007, ló fún yín ní ẹ̀tọ́ yìí. Ẹ lè yí nano padà bó ṣe wù yín, ẹ sì lè fún ẹlòmíràn. Bí ẹ bá ti fún ẹlòmíràn, source code tí ẹ yí padà gbọ́dọ̀ tó o lọ́wọ́ pẹ̀lú, lábẹ́ ìwé àṣẹ kan náà. Ó dùn mọ́ mi pé ẹni tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní ẹ̀tọ́ kan náà sí kóòdù yìí bíi ti ẹni tó kọ ọ́.

Gbígbé e sípò àti yíyọ ọ́ kúrò

make install

Kò sí sudo níwájú rẹ̀. Mi ò fara mọ́ sudo make install fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. Bí a kò bá fi prefix sí configure, inú /usr/local ni ẹrù máa ń lọ, ó sì nílò agbára root. Ohunkóhun tó bá wà nínú ìlànà ìfisípò náà, dáadáa tàbí búburú, á ní agbára lórí gbogbo ẹ̀rọ. Inú ~/.local ní tiwa, àṣìṣe tó bá ṣẹlẹ̀ kò ní kọjá fódà yín, kò sì ní fọwọ́ kan nano tí apt gbé wá.

Ubuntu máa ń fi ~/.local/bin sínú PATH, àkọsílẹ̀ àwọn fódà tí terminal ti ń wá àṣẹ, nígbà tí ẹ bá wọlé, bí fódà náà bá ti wà. Ẹ jáde, kí ẹ tún wọlé, lẹ́yìn náà:

type -a nano
nano --version

Àṣẹ àkọ́kọ́ á to gbogbo ibi tó ti rí nano síwájú yín. Èyí tó wà lókè ni terminal máa ń lò. Ìkejì á sọ 8.0, --enable-utf8 á sì wà lára ohun tó kọ. Ẹ mọ̀ pé sudo nano á ṣì máa ṣí 6.2, nítorí pé sudo ní PATH tirẹ̀ tí kì í wo inú ilé yín.

Ẹ má pa fódà ~/src/nano-8.0 rẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ yọ nano kúrò lọ́jọ́ kan, inú rẹ̀ ni ẹ ó ti tẹ make uninstall. Láti ìsinsìnyí lọ, apt kò ní bá yín tún nano yìí ṣe; bí wọ́n bá rí ihò ààbò nínú rẹ̀, ẹ̀yin lẹ ó lọ gba ẹ̀dà tuntun. Èyí ni mo fi ń sọ pé kí èèyàn fi ohun tó ń dáàbò bo ẹ̀rọ, bíi OpenSSL àti SSH, sílẹ̀ fún apt, àfi bí iṣẹ́ ẹni bá jẹ́ ìyẹn gan-an.

Nígbà tí ẹ̀dà tuntun bá dé, ẹ lè ti gbàgbé ohun tí ẹ fi sí configure. Ẹ wọ fódà àtijọ́, kí ẹ tẹ:

./config.status --config

Á ka gbogbo rẹ̀ jáde fún yín, kí ẹ sì gbé e lọ sínú fódà tuntun bó ṣe wà.